Ẹní Oníná Kan fún Obìnrin Mẹ́ta

Irinwó ẹran ó dín mẹ́jọ ni baba Norjin ní nígbà tí òjò dídì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lọ́dún náà ní Zavkhan, nílẹ̀ Mọ̀ngólíà. Nígbà tí koríko fi máa tún yọrí, mọ́kàndínlógún ló ṣẹ́ kù, ewúrẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọdún irin ni àwọn àgbà ń pe irú ọdún bẹ́ẹ̀. Yìnyín á yọ́ fún ọjọ́ méjì péré, á tún dì padà, á wá le gbagidi lórí koríko. Ẹran á máa fi pátákò họ ọ́ títí ẹsẹ̀ á fi bẹ́jẹ̀, kò sì ní rí nǹkan fi kan ẹnu.

Norjin ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà, òun ló sì ń bá baba rẹ̀ wọ́ òkú kúrò lẹ́nu ọgbà láràárọ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan: ẹran tó bá ṣì ń gbọ̀n, ẹran náà fẹ́ yè. Èyí tó bá dẹ́kun gbígbọ̀n, tó dúró jẹ́ẹ́, tó ń wo ọ̀kánkán bí ẹni pé ara tù ú, ìyẹn ti ń lọ.

"Má fi koríko ṣòfò lórí ìyẹn," ni baba rẹ̀ máa ń wí. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Bí ẹran bá tán, kí ni wọ́n tún ń pe darandaran? Wọ́n tú àgọ́ wọn, wọ́n dì í sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó di Ulaanbaatar, olú ìlú. Wọ́n pa àgọ́ náà sórí òkè kan níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bíi tiwọn ti pa tiwọn sí. Baba kú kí ọdún náà tó yí po. Norjin fẹ́ Sambuu, ọkùnrin tó ń já èédú kúrò lọ́kọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ̀ kó tó pé ogójì ọdún. Wọ́n bí Maral, ọmọbìnrin.

Èéfín ló tọ́ Maral dàgbà. Gbogbo àgọ́ orí òkè yẹn ló ní ààrò irin láàárín, gbogbo ààrò ló ń jẹ èédú, gbogbo èédú ló sì ń tu èéfín sí ìsàlẹ̀ ìlú. Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé báyìí, ènìyàn kì í rí ilé aládùúgbò. Àpò èédú méjì ni àgọ́ Sambuu ń jó lójúmọ́. Wọ́n ń ra omi sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ fà á gun òkè. Wọ́n ń ra ẹran, ìyẹn àwọn tó ti ń pa ẹran tiwọn jẹ rí. Wọ́n sì ń ra oògùn ikọ́, torí ní ìgbà òtútù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, tí àyà rẹ̀ ń dún bí ewìrì alágbẹ̀dẹ.

"Ìyá Maral, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ni dókítà obìnrin kan sọ lọ́dún tí ọmọ pé mẹ́fà. "Oògùn tí mò ń fún ọmọ yìí, èéfín yín ló ń jẹ ẹ́. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀."

"Ká gbé e lọ síbo, dókítà?"

"Sí ilé tí páìpù omi gbígbóná ń mú móoru. Sínú fúláàtì."

"Ṣé ẹ óò bá wa ra á ni?"

Dókítà náà kò bínú. Ó kàn mú káàdì tó tẹ̀ lé e, ó pe orúkọ ẹlòmíràn.

Báyìí ni Norjin ṣe lọ kọ́ èdè Koríà. Odidi ọdún kan ló fi ń ka á nídìí ààrò, tó ń fi ẹsẹ̀ mi ọmọ tó ń húkọ́. Ó ṣe ìdánwò, ó yege, wọ́n fún un níwèé iṣẹ́ oko ní Koríà. Lọ́jọ́ tó ń di ẹrù, ó ju kóòtù onírun àgùntàn rẹ̀ sórí ibùsùn, ó dúró, ó ń wò ó.

"Fi sílẹ̀ jàre," ni Sambuu wí. "Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ kò ju ti oṣù kẹwàá wa lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe ìyẹn ní òtútù!"

"Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tí mo bá wọ̀ ọ́ lọ."

"Wọ́n á ní ìyá béárì dé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó fi kóòtù náà sílẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, Maral di ìborùn rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó lọ. Norjin bẹ̀ ẹ́ títí, ẹ̀bẹ̀ kò ràn án. Ọkọ̀ ti ń pariwo ní ìsàlẹ̀ òkè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìka ọmọ náà níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń já ẹ̀gún kúrò lára aṣọ. Ó lọ.

Oko Ọ̀gá Pyo wà ní abúlé kan lápá òkè Seoul. Ilé ọ̀rá méjìlá ló wà níbẹ̀, gígùn bí ojú pópó, ewé olóòórùn kan tí wọ́n fi ń we ẹran jẹ ló sì kún inú wọn. Ilé ọ̀rá kẹtàlá dá wà ní ìpẹ̀kun, aṣọ dúdú ni wọ́n fi bò ó. Kọ̀ńténà kan ló wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn. Ọ̀kẹ́ méjìlá àti ẹgbàárùn-ún owó wọ́ọ̀nù ni Ọ̀gá Pyo ń yọ lára owó ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù fún ibùsùn náà. Norjin ṣẹ́ ẹ sí owó ìlú tirẹ̀ lọ́kàn. Iye yẹn á ra èédú tí àgọ́ rẹ̀ á jó fún ohun tó ju oṣù méjì lọ. Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀.

Obìnrin méjì ló bá níbẹ̀, ọmọ Kàmbódíà làwọn méjèèjì. Vanna ni àgbà wọn, ó ju Norjin lọ ní ọdún márùn-ún, ó dákẹ́, ojú rẹ̀ sì mú. Chenda jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, kò sì mọ bí wọ́n ti ń dákẹ́. Èdè Koríà tí wọ́n já sí wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí òjò dídì kọ́kọ́ rọ̀, Chenda sáré jáde, ó la ẹnu, ó fi ahọ́n gbà á.

"Kò ní ìtọ́wò!" ló pariwo.

"Iyọ̀ lo rò pé ó jẹ́ ni?" ni Norjin dáhùn. "Ẹ̀yin ọmọ oòrùn. Wọlé kó o tó gan."

Norjin ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bá òtútù gbé. Ó ní kí wọ́n máa fi ìwé ìròyìn sínú bàtà. Ó ní ìbọ̀sẹ̀ tó tutù, abẹ́ aṣọ lára ikùn ni wọ́n ń fi í sí kó gbẹ. Ó ní ẹni tó bá làágùn kó bọ́ṣọ kó tó jókòó, nítorí òógùn ló ń pa ènìyàn ju yìnyín lọ. Chenda ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n Norjin, ó ń tẹ̀ lé e kiri bí ọmọ ewúrẹ́. Bí ọmọ náà bá se ẹja kíkan tirẹ̀, Norjin á fọwọ́ di imú.

"Kí ló kú sínú ìkòkò yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi iyọ̀ sínú tíì! Ṣé ẹ̀yin náà máa ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ ni?"

Ọdún àkọ́kọ́ kọjá báyẹn. Norjin ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, kò ra aṣọ, kò ra ẹran. Núdù àti ẹyin ló ń jẹ, lọ́jọ́ Àìkú á fi ìrẹsì Chenda kún un. Sambuu ń kó owó náà jọ nítorí fúláàtì. Maral ṣì ń húkọ́ lórí òkè.

Ní ọdún kejì, epo gbówó lórí. Gbogbo ayé ló ń kígbe, Ọ̀gá Pyo náà kígbe tirẹ̀. Ẹ̀rọ amúlégbóná kan wà nínú kọ̀ńténà wọn, ó wá gbé e lọ. Ó ní ẹní oníná tí wọ́n ń tẹ́ sórí ibùsùn ti tó. Ẹní oníná mẹ́ta ló kó wá, ṣùgbọ́n wáyà tó wọ kọ̀ńténà náà kò lágbára. Bí ẹní kejì bá ti wọ iná, gbogbo iná á lọ, àpótí iná sì wà nínú ilé ìkẹ́rù tí ìyàwó ọ̀gá ń tì pa. Ẹní kan ṣoṣo ló lè ṣiṣẹ́.

Ewé kò jìyà bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ilé ọ̀rá méjìlá yẹn, ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sórí ewé tọ̀sán-tòru, àwọn obìnrin náà ń bọ́ kóòtù kí wọ́n tó wọlé já a. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde bọ́ sínú òtútù. Norjin lọ bá ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká máa sùn sí ẹ̀gbẹ́ ewé. A ò ní fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gá Pyo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ènìyàn tó máa ń jágbe mọ́ni. "Èémí yín á mú ewé bu. Ṣé o mọ iye tí páálí kan jẹ́?"

"Òtútù ń pa wá, ọ̀gá."

"Ìwọ? Ìwọ ọmọ Mọ̀ngólíà?" Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tó ń di páálí. "O gbọ́? Inú yìnyín ni wọ́n bí eléyìí sí, òtútù ń pa á!"

"Ó ti bàjẹ́ ni," ni ìyàwó náà wí, kò gbójú sókè. "A ti kẹ́ ẹ jù."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi àgádágodo ti àwọn ilé ewé ní ìrọ̀lẹ́.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pín in láàárín ara wọn. Ẹni tó bá kàn lónìí ló ni ẹní oníná, àwọn méjì tó kù á fara mọ́ra lórí ibùsùn kan lábẹ́ gbogbo aṣọ tó wà nílé. Kò dára, ṣùgbọ́n ó ṣeé fara dà. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni ọ̀gá yá àna rẹ̀ ní Vanna fún ọ̀sẹ̀ méjì, níbi oko mìíràn. Ó ku Norjin àti Chenda. Wọn ìbá máa sun orí ẹní kan náà, ó gba ènìyàn méjì tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n Chenda ti bẹ̀rẹ̀ ikọ́, Norjin kò sì fẹ́ ikọ́. Ọjọ́ tí ènìyàn kò bá lè ṣiṣẹ́, kò sí owó fún un, wọ́n á tún yọ owó ibùsùn ọjọ́ náà.

"Má mí sí mi lójú," ló sọ fún ọmọ náà. "Mo ní ọmọ tí mò ń bọ́."

"Èmi náà ní màmá, ẹ̀gbọ́n."

"Màmá rẹ ò húkọ́."

Nítorí náà wọ́n ń gba alẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan lórí ẹní, ẹnì kejì lórí ibùsùn tirẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí, òjò dídì rọ̀ láti àárọ̀, ọ̀gá sì rán àwọn méjèèjì kí wọ́n máa gbọ́n ọn kúrò lórí ilé ọ̀rá kó má bàa wó lé ewé. Wọ́n dúró nínú rẹ̀ dé orúnkún títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Nígbà tí wọ́n wọlé, omi tó wà nínú kẹ́tù ti dì. Ẹsẹ̀ Norjin ti kú, kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ẹ̀rù bà á. Ó ti rí ẹsẹ̀ tí òtútù jẹ, ó mọ bó ṣe máa ń dúdú. Kò sí ẹni tó ń gba ẹlẹ́sẹ̀ kan síṣẹ́ oko.

Alẹ́ Chenda ni. Àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Jẹ́ kí n fi yá ẹsẹ̀ mi díẹ̀," ni Norjin wí. Ó ti jókòó sórí ẹní náà. "Díẹ̀ péré. Kí o tó jẹun tán, mo ti dìde."

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n."

Chenda jẹun díẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tirẹ̀, ó ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí irin ibùsùn náà ń dún. Ẹsẹ̀ Norjin bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò, ó ń ta á bí ìgbà tí eèrùn bá wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó ní òun á dìde tí ìrora náà bá rọlẹ̀. Ó rọlẹ̀. Kò dìde. Ooru náà ti wọ egungun rẹ̀, ara rẹ̀ sì ti wúwo. Ó yí ojú sógiri.

Lẹ́yìn náà, irin ibùsùn kejì dákẹ́.

Norjin gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà. Ó ṣí ojú.

"Chenda?"

"Hẹn-ẹn."

"Ṣé òtútù ò mú ọ mọ́ ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n." Ohùn ọmọ náà ń fà bíi ti ọ̀mùtí. "Ara mi ń móoru. Ó ti dáa. Ẹ máa sùn." Ó sì ti ń fi ẹsẹ̀ ti aṣọ ìbora kúrò.

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé nínú ilé ayé bó ṣe yé Norjin ní ìṣẹ́jú náà. Irinwó ẹran ló fi kọ́ ọ. Ó mọ̀ pé kó dìde nísinsìnyí ni, kó gbé ọmọ náà sórí ẹní, kó dùbúlẹ̀ lé e, kó máa fi ọwọ́ ra á, kó máa pariwo títí ọ̀gá yóò fi gbọ́. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé tí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, ikọ́ ọmọ náà á wọ òun lára, òtútù á sì padà sẹ́sẹ̀ òun. Ó ku ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀kẹ́ kí owó fúláàtì pé. Ó ro Maral. Kì í ṣe pé oorun gbé e lọ, bó ti sọ fún ara rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó ronú sí i, ó sì dúró síbi tó wà. Ó fa ìbora borí.

Ní òwúrọ̀, òun ló da aṣọ padà bo ọmọ náà kó tó lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

Ọ̀gá Pyo kò jẹ́ kó wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ti bá a sọ̀rọ̀, pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀.

"Ṣé ó ti kú pátápátá?"

"Ó ti kú, ọ̀gá."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ ra ojú. "Àwọn ọlọ́pàá á wá. Ẹni tó ń wo ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ náà á wá. Ìwọ lo gbọ́ èdè jù. Ìwé rẹ á parí lọ́dún tó ń bọ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọwọ́ ta ni sísún un síwájú wà?"

"Ọwọ́ yín, ọ̀gá."

"Ó dáa náà." Ó wò ó títí. "Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa. Iná ń gba abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ọmọ yẹn, ó ti ń ṣàìsàn tipẹ́, ẹ̀dọ̀ ni. Láti ilé ló ti gbé e wá."

Ìyàwó rẹ̀ ti lọ gbé ẹ̀rọ amúlégbóná tí wọ́n gbé kúrò, ó ti gbé e padà sínú kọ̀ńténà, ó fi aṣọ nu eruku orí rẹ̀.

Ọkùnrin tó wá láti ọ́fíìsì tó ń wo ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ jẹ́ ọ̀dọ́, imú rẹ̀ pọ́n, ó ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ nítorí òtútù. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé ẹ̀rọ yìí wà níbí lálẹ́ àná?"

"Ó wà."

"Ṣé ó ní ẹní oníná?"

"Ó ní."

"Ara rẹ̀ kò yá tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ̀dọ̀ ni," ni Norjin wí. "Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi." Ó yà á lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde wẹ́rẹ́.

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo àyíká kọ̀ńténà. "Ó tutù níbí ṣá," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀ tó ń gbóná.

Ní ọjọ́ kẹta ni Vanna dé. Ó bá Norjin níbi tó ti ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìdáná. Kò kígbe.

"Alẹ́ ta ni alẹ́ ọjọ́ yẹn?"

"Alẹ́ tèmi ni."

Vanna fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Chenda jáde, ó ń yọ̀, ó ń húkọ́ láàárín. Èdè tiwọn ni. Norjin kò gbọ́ ọ, àfi orúkọ ara rẹ̀ tó jáde nínú rẹ̀.

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló fi ránṣẹ́ sí mi," ni Vanna wí. "Ó ní, 'Èmi ló kàn lónìí, Ẹ̀gbọ́n Vanna. Ẹ̀gbọ́n Norjin ń yá ẹsẹ̀ níbẹ̀, tó bá dìde, màá sùn bí ọmọ ọba.' Ṣé kí n tún un tẹ̀?"

"Má tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé o dìde?"

Norjin gbé àpò rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Vanna lọ sí ọ́fíìsì náà fúnra rẹ̀, ó lọ sọ nípa wáyà, nípa àgádágodo, nípa ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kúrò. Wọ́n fèsì pé ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀ ti sọ tirẹ̀. Nígbà tí oṣù parí, Ọ̀gá Pyo kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé Vanna, Vanna sì ní láti padà sí Kàmbódíà. Wọ́n sun Chenda ní Koríà, wọ́n fi eérú rẹ̀ ránṣẹ́, nítorí ó wọ́n láti fi odidi òkú sínú ọkọ̀ òfúrufú.

Yàrá ẹ̀yìn ilé ìdáná náà gbóná lóòótọ́. Owó ooru náà ni pé Norjin á jí ṣáájú gbogbo wọn, á se oúnjẹ, á fọ aṣọ ìyàwó ọ̀gá, á wẹ ìyá ọ̀gá tó yarọ, kó tó lọ sí oko. Wọn kò fi kọ́bọ̀ kún un. Tí àlejò bá wá, ìyàwó ọ̀gá á ní, "Bí ọmọ wa la ṣe ń ṣe é. Ó mọnú rò."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ni Vanna pè é láti Kàmbódíà. Àwòrán rẹ̀ yọ lójú fóònù, obìnrin arúgbó kan tó gé irun mọ́lẹ̀ jókòó tì í.

"Ìyá rẹ̀ nìyí," ni Vanna wí. "Ó ní ìbéèrè kan. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un. Ìwọ fẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Obìnrin náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Vanna túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní, ǹjẹ́ òtútù mú ọmọ òun? Ó ní ìyẹn ni kò jẹ́ kí òun sùn."

Norjin lè sọ òótọ́, ó sì lè purọ́. Èyí tó mú jẹ́ méjèèjì pọ̀. "Rárá, mà," ló wí. "Ó ní ara òun ń móoru."

Vanna túmọ̀ rẹ̀ fún un. Arúgbó náà bú sẹ́kún, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó gbé e dé iwájú orí, ó tẹrí ba fún fóònù náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tún sọ̀rọ̀.

"Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ," ni Vanna wí. "Ó bi mí bóyá o lọ́mọ, mo ní o ní ọ̀kan. Ó ní kí ọmọ tìrẹ yè, kó má mọ òtútù. Èmi ò ṣe àmín o." Ó pa fóònù.

Ọ̀gá Pyo mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ó fọwọ́ sí ìwé. Norjin lo ọdún márùn-ún ó dín oṣù méjì ní Koríà. Ó ti tó ọdún kan tí Sambuu àti Maral ti wà nínú fúláàtì kó tó padà, yàrá méjì ní òkè kẹfà, ní ilé kan tó ti pẹ́, tí páìpù ìjọba ń mú gbóná. Ìgbà òtútù ló dé. Nígbà tí Sambuu ṣílẹ̀kùn, ooru lù ú lójú bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìkòkò. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni ọkùnrin náà wọ̀. Ojú fèrèsé wà ní ṣíṣí gbayawu, yìnyín sì wà lórí òrùlé àwọn ilé ìsàlẹ̀.

"O rí i?" ni Sambuu wí, ẹ̀rín kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "A ò lè dín in kù. Ibi tí wọ́n ti ń ṣí i kò sí lọ́wọ́ wa. Tá ò bá ṣí fèrèsé, a ó jóná."

Maral ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó ga, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, àyà rẹ̀ dákẹ́. Ó kí ìyá rẹ̀ bí wọ́n ti ń kí àlejò tó bọ̀wọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ọjọ́ wo lẹ máa padà?"

"Mi ò padà mọ́."

"Ah," ni ọmọ náà wí. Ó lọ sínú yàrá rẹ̀. Ó pẹ́ kí Norjin tó mọ̀ pé yàrá náà ni òun àti ọmọ náà yóò jọ máa sùn, àti pé inú ọmọ kò dùn sí i.

Ó tó oṣù kan kó tó lè sọ ọ́ fún Sambuu. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, Maral ti lọ síta, àwọn méjèèjì ń fi ìyẹ̀fun we ẹran fún oúnjẹ ọdún. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfọ̀kan pa mọ́: ẹní oníná, ẹsẹ̀ rẹ̀, irin ibùsùn tó dákẹ́, ohun tí ọmọ náà sọ, ohun tí òun mọ̀. Ọwọ́ Sambuu kò dúró. Ó ń fi ìka pa ẹnu ìyẹ̀fun dé níkọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n.

"Ọmọ mélòó ló kú ní òkè wa lọ́dún yẹn?" ló béèrè nígbà tó ṣe.

"Mi ò sí nílé. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

"Mẹ́ta ní òpópónà tiwa nìkan. Èéfín àti ikọ́. Ọmọ Tsevel wà lára wọn, ẹgbẹ́ Maral. Ta ló wá béèrè? Ta ló ra fúláàtì fún Tsevel?" Ó gbé ìyẹ̀fun mìíràn. "Maral ò húkọ́ mọ́, Norjin. Má jẹ́ kó gbọ́ ọ. Fún mi ní alùbọ́sà yẹn."

Ó fún un ní alùbọ́sà.

Ìyẹn ni gbogbo ohun tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà láàárín wọn. Ẹ̀yìn Sambuu ti tẹ̀ pátápátá, kò lè já èédú mọ́. Norjin ló ń gbálẹ̀ àtẹ̀gùn ilé náà láti òkè kẹsàn-án dé ìsàlẹ̀, owó tó ń gbà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń san owó páìpù àti ti omi, tó ń fò sókè lọ́dọọdún. Àwọn obìnrin ilé náà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kì í bá wọn jà. Wọ́n máa ń wí fún un pé Ọlọ́run ló ṣíjú wò ó, pé mélòó nínú àwọn ará orí òkè ló rí irú ilé yìí rà. Á ní bẹ́ẹ̀ ni, á ki ìgbálẹ̀ bọ inú báàgì.

Bó bá ti iṣẹ́ dé ní ìgbà òtútù, kó tó bọ́ bàtà, á kọ́kọ́ lọ pa fèrèsé dé. Á jókòó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, òógùn á bo Sambuu, á dìde, á tún un ṣí.